Ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ wọn: bí a ṣe ń scan fọ́tò àti fíìmù àtijọ́ ilé wa

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra scanner, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán orí bébà wọ inú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo pe iṣẹ́ yìí. Mo gbé àpótí fọ́tò ìyá bàbá mi sórí tábìlì, mo tan fáànù, iṣẹ́ yá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo ti scan fọ́tò bíi 300. Wọ́n mọ́ débi pé tí ẹ bá fẹ̀ wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè ka aago tó wà lọ́rùn ọwọ́ ẹni tó jókòó. Inú mi dùn. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, torí àwọn nìkan ló ṣẹ́ kù tó mọ àwọn èèyàn náà, àmọ́ ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú Màmá. Wọ́n wo obìnrin kan tó wé gèlè, tó gbọ́wọ́ lé itan, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Èyí! Èyí ò ṣeé bá ṣeré o." Ó tán. Mo béèrè títí, Màmá ti bá ibòmíràn lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi to ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí báyìí: orúkọ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ lẹ́yìn. Fọ́tò tó ti lo 50 ọdún nínú agolo bísíkíìtì kò ní bàjẹ́ tó bá tún lo oṣù mẹ́fà sí i. Ẹni tó mọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé a óò bá nílé lọ́dún tó ń bọ̀.

1. Ẹ kó wọn jọ, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà

Fọ́tò kì í gbé ojú kan. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo inú Bíbélì àti Kùránì, ẹ wo ẹ̀yìn férémù tó wà lára ògiri, torí nígbà míì fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta ló wà lẹ́yìn èyí tí à ń wò, tí wọ́n kì síbẹ̀ kó má baà máa mì. Ẹ dé ilé tí wọ́n ti bí ìyá yín náà. Fọ́tò ìgbà ọmọge kì í sábà bá ìyàwó dé ilé ọkọ.

Tó bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù lẹ̀ ń wá, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò jáde, ẹ gba ilé fọtógíráfà lọ. Láyé sítúdíò, fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ ni oníbàárà ń gbé lọ. Nẹ́gẹ́tíìfù ń dúró lọ́wọ́ oníṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni owó "ẹ bá mi tẹ méjì míì" ti ń wọlé. Tí fọtógíráfà bá kú, àwọn ọmọ á bá nẹ́gẹ́tíìfù páálí-páálí nílẹ̀, wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ọ̀pọ̀ sì ti bá iná lọ báyẹn. Ti Solomon Osagie Alonge, tó ṣí Ideal Photo Studio nílùú Benin ní 1942, ríbi sá sí: iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Smithsonian, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Washington, lónìí. Ti Pierre Verger, ọmọ Faransé tí a mọ̀ sí Fátúmbí, tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn rìn ká Kétu àti ilẹ̀ Yorùbá, wà ní Salvador ní Brazil, nẹ́gẹ́tíìfù tó lé ní 60,000. Fọtógíráfà àdúgbò yín náà ní tirẹ̀. Bí sítúdíò rẹ̀ bá ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù, ẹ ṣáà béèrè ilé ọmọ rẹ̀.

Tí wọ́n bá pé, ẹ má tò wọ́n bó ṣe wù yín. Bí ẹ ṣe bá wọn nínú àpòòwé tàbí álíbọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó kó wọn papọ̀ mọ ìdí tó fi kó wọn papọ̀. Ẹ fi fóònù ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wàrà-wàrà, kò dìgbà tó bá dára. Ẹ fi pẹ́ńsùlù tó rọ̀, 2B tàbí 4B, kọ nọ́ńbà sí igun ẹ̀yìn, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má lo báírò: ó máa ń hàn síwájú, ó sì máa ń ràn mọ́ ojú èyí tó bá sùn lé e. Àwọn fọ́tò aláwọ̀ tí ẹ̀yìn wọn ń dán kì í gba pẹ́ńsùlù. Ara àpòòwé ni kí ẹ kọ tiwọn sí.

2. Ẹ gbé wọn lọ bá àgbà

Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà lọ. Bébà gan-an ni kí ẹ gbé lọ, nítorí àgbà fẹ́ fọwọ́ kàn án, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, á gbé e sún mọ́ ojú. Tó bá kéré jù fún ojú wọn, ẹ lọ tẹ èyí tó tóbi lára èyí tí ẹ fi fóònù yà. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí wọn tẹ́rùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè àlàáfíà ilé àti ọmọ lọ́wọ́ yín tán kí ẹ tó fọwọ́ kan báàgì. Òwúrọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ló dára jù. Tó bá di ọ̀sán, oorun á ti máa kì wọ́n.

Ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ohùn yín sínú fóònù kí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun náà lè gbọ́ ọ." Tí wọ́n bá gbà, ẹ pa fáànù, ẹ bẹ ará ilé kí wọ́n pa jẹ́nẹ́rétọ̀ fún wákàtí kan, ẹ ti fóònù kí ìpè má lè wọlé, kí ẹ sì gbé e lé orí aṣọ tí a ká, kó má baà máa gba ariwo tábìlì. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ọjọ́ òní, ibi tí ẹ wà, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa pe nọ́ńbà fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dá sí i. Láìṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ máa gbọ́ "èyí ni ẹ̀gbọ́n èyí, èyí ló fẹ́ èyí," ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ èyí.

Ẹ má béèrè ọdún. Àgbà tí ẹ bá bi ní ọdún á dárúkọ ọdún kan kí ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ló rán aṣọ yìí? Ìnáwó ta ni? Ṣé ẹ ti bí Ẹ̀gbọ́n wa nígbà yẹn? Ilé ta ni wọ́n lọ sùn lọ́jọ́ náà? Kí ẹ sì má gbàgbé eléyìí: ta ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí? Mo ti rí ìtàn gbà nídìí ìbéèrè yẹn ju nídìí gbogbo àwọn tó jókòó nínú fọ́tò lọ. Ẹni tó bínú tí kò wá, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, ẹni tó ń bẹ lóyún tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n rí, gbogbo wọn ló wà nínú fọ́tò náà láìsí níbẹ̀.

Orúkọ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ìyàwó ilé kì í pe àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, kódà ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí kó tó wọlé. Tí ìyá yín bá wo fọ́tò tó ní "Akọ̀wé nìyẹn, ìyẹn sì ni Ìdílẹ̀kẹ̀," ẹ má lọ kọ Akọ̀wé sílẹ̀ bí orúkọ àbísọ èèyàn. Ẹ béèrè pé, "Kí ni Bàbá ń pè wọ́n?" Ẹ sì kọ méjèèjì, nítorí ọmọ ọmọ Ìdílẹ̀kẹ̀ lè wà níbì kan tó mọ orúkọ yẹn nìkan. Bákan náà ni ẹni kan lè ní orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ ìrìbọmi, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níbi iṣẹ́, kó tún máa jẹ́ Ìyá Ìbàdàn tàbí Bàbá Ọlọ́kọ̀. Ẹ kọ gbogbo èyí tí ẹ bá gbọ́.

Tí àgbà bá rí fọ́tò bàbá tirẹ̀, tó ṣí oríkì lẹ́nu, ẹ má ṣe dá wọn dúró láti béèrè ìbéèrè tó kàn. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Tí wọ́n bá sì da ojú fọ́tò kan dé, tí wọ́n ní kí ẹ mú òmíràn wá, ẹ mú òmíràn wá. Bí àgbà méjì bá ń jiyàn lórí ẹnì kan, ẹ kọ ti àwọn méjèèjì àti ẹni tó sọ èwo. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa dájọ́.

3. Ohun tí bébà fúnra rẹ̀ ń sọ

Ẹ yí i padà. Òǹtẹ̀ sítúdíò tó wà lẹ́yìn lè sọ ọdún fún yín ju àgbà lọ, tí ẹ bá mọ bí ìpínlẹ̀ ṣe ń yí padà nílẹ̀ wa. Òǹtẹ̀ Ìbàdàn tàbí Òṣogbo tó bá kọ Western Region, ó ṣeé ṣe kó ti wà kó tó di Oṣù Karùn-ún 1967. Èyí tó bá kọ Western State bọ́ sí àárín ìgbà yẹn sí Oṣù Kejì 1976, tí wọ́n pín in sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Òǹtẹ̀ Òṣogbo tó bá kọ Oyo State ti wà kó tó di 1991 tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí tí kò lábùkù, nítorí fọtógíráfà tó fi owó rẹ̀ gbẹ́ òǹtẹ̀ kì í jù ú nù torí pé ìjọba dá ìpínlẹ̀: òǹtẹ̀ lè sọ fún yín pé fọ́tò kò dàgbà ju báyìí lọ, kì í sábà lè sọ pé kò kéré ju báyìí lọ.

Nínú àwòrán, ẹ wo ọ̀nà. Tí ọkọ̀ bá ń rìn lápá òsì títì, wọ́n ti yà á kó tó di 2 Oṣù Kẹrin 1972 tí Nàìjíríà bọ́ sápá ọ̀tún. Tí Cocoa House bá yọ lẹ́yìn ẹnì kan ní Dùgbẹ̀, kò lè jẹ́ fọ́tò ìgbà òmìnira, 1965 ni wọ́n parí ilé yẹn. Tí iye owó ọjà bá hàn ní náírà, ó ti di 1973 ó kéré tán. Àwọn ọmọ tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ àti àdírẹ́sì wà níbẹ̀. Ẹ scan ẹ̀yìn wọn bí ẹ ṣe scan iwájú.

Ẹ máa bá fọ́tò ìbejì kan pàdé tí ẹ máa rò pé àṣìṣe wà níbẹ̀: ọmọ méjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà, ojú kan náà, àní bí ìka ọwọ́ ṣe ká kò yàtọ̀. Ọmọ kan ni. Èkejì ti lọ kí wọ́n tó dé sítúdíò, fọtógíráfà sì tẹ èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè wà papọ̀. Tó bá jẹ́ takọ-tabo ni wọ́n, wọ́n lè wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, kí wọ́n yà á, kí wọ́n tún wọ aṣọ obìnrin fún un, kí wọ́n tún yà á. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà tó wà lọ́dọ̀ àwọn fọtógíráfà Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Ní ilé míì, fọ́tò yìí ló gba ipò ère ìbejì. Nítorí náà ẹ má gé e sí méjì, ẹ má sì lo kọ̀ǹpútà láti pa ìlà tó wà láàárín níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ìlà yẹn, iṣẹ́ ìtùnú sì ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìdílé bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹni ìta rí i.

4. Ìmọ́tótó, kò pọ̀

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má pa ìpara. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti rọ́bà tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn tó fún eruku. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bá a jáde. Omi kò gbọdọ̀ kan fọ́tò. Sípíríìtì àti kẹrosíìnì ńkọ́? Rárá. Fọ́tò àtijọ́ míì wà tó jẹ́ pé dúdú-funfun ni, tí fọtógíráfà wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ètè àti gèlè. Èyí tí ẹ bá fi nǹkan tútù nù lára wọn, ẹ ò ní rí ètè mọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nu tábìlì àti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí eruku jókòó, kí ẹ tó ṣí scanner. Fáànù tí mo tàn lọ́jọ́sí yẹn ló da eruku sára ìdajì iṣẹ́ mi.

Fọ́tò tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má fà á. Ojú á kù sára gíláàsì, bébà funfun lẹ máa mú lọ́wọ́. Ẹ dojú gíláàsì náà dé orí scanner bó ṣe wà, ẹ scan án láti ara gíláàsì. Ti álíbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù, ẹ mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fọ àárín eyín, ẹ fi ṣe bí ayùn lábẹ́ fọ́tò díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá gbà, ẹ scan gbogbo ojú ìwé náà.

5. Fọ́tò lórí scanner

Fọ́tò tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ínṣì 4 sí 6, ẹ scan án ní 600 dpi (dpi ni iye tóótòòtó tí ẹ̀rọ ń kà nínú ínṣì kan). Ìyẹn á fún yín ní 2,400 sí 3,600 píksẹ́lì, ó tó láti tẹ ẹ́ ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ láìjẹ́ kí ojú dàrú. Páásípọ́ọ̀tù kékeré, ẹ gbé e dé 1200. Ẹ scan dúdú-funfun náà ní aláwọ̀, torí àbàwọ́n tíì àti àwọ̀ tí ìgbà ti pa á ń sọ nǹkan. Ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ fúnra rẹ̀ tún ṣe. TIFF, irú fáìlì tí kì í sọ ohunkóhun nínú àwòrán nù, ni kí ẹ fi pamọ́ (bíi 26 MB fún ọ̀kan). JPEG, èyí tó fúyẹ́, ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kí etí rẹ̀ lè hàn, pàápàá àwọn tí wọ́n gé etí wọn wínní-wínní. Àwọn fọ́tò aláwọ̀ kan tí ojú wọn ń ṣe bí aṣọ ṣẹ́dà ń tàn yanran-yanran lórí scanner. Ẹ yí wọn padà síhà kejì kí ẹ tún scan, ẹ mú èyí tó sàn. Tó bá kọ̀, fóònù lẹ́bàá fèrèsé á ṣe é ju scanner lọ.

Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì lẹ fẹ́ gbé e lọ, ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ̀rọ wọn lè ṣe 600 dpi dáadáa, ṣùgbọ́n 200 ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí kó lè yá, PDF ni wọ́n sì máa ń fún yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kó má sì ki fọ́tò sí ẹnu òkè ẹ̀rọ tó ń gbé bébà mì. Wọ́n ti fi ìyẹn ká fọ́tò ìgbéyàwó kan mọ́ inú ẹ̀rọ lójú mi rí, obìnrin tó ni í ò lè sunkún, ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

6. Nẹ́gẹ́tíìfù

Scanner ilé tàbí ti ọ́fíìsì lásán kò lè ṣe fíìmù: ìsàlẹ̀ nìkan ni iná rẹ̀ ti ń tàn, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó gba ara fíìmù kọjá ni a nílò. Ẹ wá èyí tí iná wà nínú ìdérí rẹ̀, tó sì ní ike tí a ń ki fíìmù sí. Ẹ di fíìmù mú létí, kí ìka má kan àárín. Ojú kan ń dán, ojú kejì kò dán. Èyí tí kò dán ni àwòrán wà lórí rẹ̀, òun ló sì máa ń tètè họ. Bí lẹ́tà etí fíìmù bá ṣeé kà tààrà, ojú tó ń dán lẹ dojú kọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá scan án, ẹ wo pátákó ṣọ́ọ̀bù nínú àwòrán. Tí ẹ ò bá lè kà á, ẹ ti yí i sódì. Tí pátákó ò bá sí, ẹ wo aago: ọwọ́ òsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń so ó mọ́.

Fíìmù 35 mm, tí àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ 24 sí 36 mílímítà, ẹ lo 3200 dpi, ẹ máa rí bíi 3,000 sí 4,500 píksẹ́lì. Fíìmù ńlá onígun mẹ́rin tí sítúdíò ń lò, 6 sí 6 sẹ̀ǹtímítà, 2400 tó fún un. Ẹ má jẹ́ kí iye tó wà lára páálí ẹ̀rọ fa ojú yín mọ́ra; lókè níbẹ̀ fáìlì ló ń tóbi, ojú kì í mọ́ sí i. Tí scanner bá ní iná infrared (iná tí ojú kì í rí) tó ń wá eruku, ẹ lò ó fún fíìmù aláwọ̀, ẹ pa á fún dúdú-funfun: fàdákà inú fíìmù dúdú-funfun ń dí iná náà, ẹ̀rọ á máa rò pé ojú èèyàn ni ìdọ̀tí.

Fọ́tò aláwọ̀ ìgbà 1970 tó ti pọ́n bí epo, ẹ wá nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ kí ẹ tó máa bá àwọ̀ rẹ̀ jà. Lọ́pọ̀ ìgbà nẹ́gẹ́tíìfù kò pọ́n bẹ́ẹ̀. Fíìmù tó bá ń rùn bíi fínígà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà; ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ scan.

Tí owó scanner ò bá sí, ẹ mú tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù kejì, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ funfun báláú, ẹ gbé ike funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá sókè rẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kí àmì tóótòòtó ojú fóònù má hàn, ẹ tẹ́ fíìmù sórí ike náà, ẹ fi bébà dúdú bo gbogbo ibi tó kù, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ wá yà á láti òkè. Ẹ yí dúdú sí funfun nínú fóònù. Kò lè dà bíi ti scanner, àmọ́ ẹ máa rí ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ sì lè gbé e lọ bá Màmá lọ́la.

7. Ẹ fi ojú wọn sílẹ̀

Áàpù ti pọ̀ báyìí tó ń "tún" fọ́tò àtijọ́ ṣe. Mo fi ọ̀kan dán fọ́tò bàbá àgbà kan wò, ojú tó gbé jáde ń dán, eyín funfun, àmọ́ kò sí ilà lójú mọ́. Àbàjà mẹ́ta tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ rò pé bébà ló họ, ó sì pa á rẹ́. Ilà tí a fi ń mọ ilé tí èèyàn ti wá! Ohun tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń ya ojú mìíràn tó jọ ojú tó bá níbẹ̀. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín pa àmì eruku rẹ́, ẹ lè gbé ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá fẹ́ èyí tó ń dán, ẹ ṣe é sọ́tọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣe é, kó má lọ di èyí tí wọ́n máa tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú.

8. Orúkọ fáìlì àti ibi tí wọ́n máa gbé

Ọdún ṣáájú, nọ́ńbà tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn, láìfi àmì ohùn sí i kí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn má baà dà á rú: 1968_023_igbeyawo-abeokuta. Tí ọdún kò bá dájú, 196x. Ẹ̀yìn fọ́tò ń jẹ́ 023b, ohùn àgbà tó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ń jẹ́ 023 bákan náà, kí wọ́n lè máa tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ kọ ìtàn náà sínú fáìlì ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé: ta ni láti òsì sí ọ̀tún, níbo, nígbà wo, ta ló sọ fún yín, ọjọ́ wo. Ẹ fi orúkọ sítúdíò tó wà lára òǹtẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ni.

Ibi mẹ́ta ni kí ó wà: nínú hard drive tó wà nílé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé ìlú mìíràn, àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fíláàṣì kan ṣoṣo nínú ìdè kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ti bébà àti fíìmù, ẹ dá wọn padà sínú àpòòwé bébà, kì í ṣe ọ̀rá tó ń gba oru mọ́ra, kí ẹ gbé wọn sókè kọ́bọ́ọ̀dù yàrá, jìnnà sí ilẹ̀ àti ògiri ìta nítorí ikán, jìnnà sí àjà ilé nítorí ooru. Ẹ má sun ohunkóhun nínú wọn torí pé ẹ ti scan án.

9. Bí ẹ ṣe máa pín in

Ẹ má da 300 sórí WhatsApp ẹbí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn èèyàn á tẹ àtàǹpàkò, wọ́n á lọ. Ẹ fi ọ̀kan síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú ìbéèrè kan: "Ta ni ẹni kẹta láti ọ̀tún?" Ẹ máa gbọ́ ohùn láti Houston àti Peckham kó tó di òwúrọ̀. Ẹ tètè fi àwọn ohùn tí wọ́n fi fèsì pamọ́ lábẹ́ nọ́ńbà fọ́tò náà, torí ẹni tó bá pààrọ̀ fóònù, tiẹ̀ ti lọ nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan rí fọ́tò gan-an gbà, ẹ fi ránṣẹ́ bí document. Bí a bá fi ránṣẹ́ lásán, WhatsApp máa ń fún un pọ̀.

Kí ẹ tó gbé e kúrò láàárín ẹbí, ẹ ro ó. Ọmọdé tó wà níhòòhò nínú fọ́tò yẹn ti di bàbá arúgbó tàbí díákónì, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Fọ́tò tí ìyàwó kejì ti jókòó lápá ọ̀tún ọkọ lè dá ìjà tí wọ́n ti parí ní 1974 sílẹ̀. Ibi tí ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí oyè bá ti ń lọ, ẹ má kọ "àkọ́bí" tàbí "ilé Bàbá Àgbà" sábẹ́ fọ́tò títí tí ẹ ó fi bá apá kejì sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń gbé irú rẹ̀ lọ sí kóòtù. Tí àgbà bá ní "èyí, láàárín wa ni," kò gbọdọ̀ kúrò láàárín yín nígbà tí wọ́n bá wà láyé àti lẹ́yìn náà.

Mo ṣì ń fi obìnrin onígèlè yẹn sí WhatsApp ẹbí ní ọdọọdún. Ìbátan kan ní ọ̀rẹ́ màmá ni, ní Ìjẹ̀bú. Òmíràn ní rárá, orogún ni. Mo ti kọ méjèèjì sílẹ̀. Orúkọ fáìlì rẹ̀ títí di òní ni 196x_114_eyi-o-see-ba-sere.